Ọwọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò Bí Irin Bá Ń Dun Ọmọ Yín Lẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní jẹ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fò ó o. Ẹ̀yìn tí ọmọ yín fi ń gbé irin ní ìrọ̀lẹ́ náà ló fi ń jẹun láàárọ̀.

Irin gbígbé kì í ṣe ohun àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn nìkan mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù ń gbé e, bíríkìlà ń gbé e, alábàárù ń gbé e. Ẹni tí kò bá lówó jíìmù á wá páìpù, á da kọ́ńkéré sínú ike ọ̀dà méjì, ó ti di irin nìyẹn. Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀dọ́ tó ń làágùn nídìí irin sàn ju èyí tó jókòó ti sìgá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a ń gbọ́ lẹ́nu wọn kò dára: “Ẹ̀yìn ń dùn mí.” Ẹlòmíràn tiẹ̀ fi ń yangàn, bí ẹni pé ẹ̀yìn tó ń dunni ni ẹ̀rí agbára. Àwọn baba wa ti dá wọn lóhùn tipẹ́: alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn tó ń dun àwọn ọmọ wa nídìí irin, ẹ̀yìn kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tí kò di irin mú dáadáa ni, àti irin tó sún mọ́ ilẹ̀ jù. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kò lè tún èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣe.

*Ohun tó so ọwọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn*

Ẹni tó ń gbé irin láti ilẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ jíìmù ń pè ní deadlift, ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló ń fún un ní agbára, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni agbára náà ń gbà dé ara irin. Bí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ẹni náà á máa kánjú kí irin má baà já bọ́. Á fà á gbà lójijì, èjìká á wọ́ sílẹ̀, irin á sún kúrò lára ojúgun, ẹ̀yìn á sì tẹ̀ bí ọrun ọdẹ.

Ẹ gbé garawa omi kan mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọwọ́ síwájú pẹ̀lú garawa kan náà. Omi kò lé sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín á mọ ibi tó ti ń dùn yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin tó bá fi ojúgun sílẹ̀ ṣe ń di ẹrù ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹni tó bá tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ ti tọ́jú apá kan ẹ̀yìn rẹ̀.

*Páìpù tó nípọn jù*

Irin tí àwọn ọkùnrin ń lò níbi ìdíje Òlíńpíìkì nípọn tó mílímítà 28, ó sì wúwo kílò 20. Ti obìnrin jẹ́ mílímítà 25 àti kílò 15. Irú irin tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ni Adijat Olarinoye, ọmọ wa, fi gba góòlù fún Nàìjíríà níbi ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022. Ìsọ̀rí kílò 55 ló ti díje, àpapọ̀ ìgbé méjèèjì tó gbé sì jẹ́ kílò 203.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lò: páìpù ínṣì méjì, èyí tó tó mílímítà 50. Ìlọ́po méjì irin Adijat nìyẹn. Bí ẹ bá di páìpù mú, tí àtàǹpàkò yín kò lè kan ìka àárín, ó ti nípọn jù fún ohun tó wúwo. Ọwọ́ á rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀. Ẹ ní kí wẹ́dà bá yín wá èyí tó tín-ín-rín. Fún òṣùwọ̀n tí kò pọ̀ jù, irin ìkọ́lé mílímítà 25 náà yóò ṣe é.

*Bí a ṣe ń di irin mú*

Ẹ má ki irin bọ àárín àtẹ́lẹwọ́. Ìdí ìka ni kí ẹ gbé e lé, níbi tí ìka ti pàdé àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá wà ní àárín àtẹ́lẹwọ́, yóò yọ̀ wá sísàlẹ̀ bó bá ti kúrò nílẹ̀, yóò sì ká awọ pọ̀ títí yóò fi ya. Ẹ jẹ́ kí ọmọńdinrín náà ṣiṣẹ́, torí pé òun la sábà máa ń gbàgbé.

Fún ìgbé tó fúyẹ́, ẹ kọ ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì síwájú. Bí ẹ bá ń gbé gbogbo rẹ̀ báyìí, ọwọ́ yín á le díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá wúwo, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní, ẹ fi àtàǹpàkò sábẹ́, kí ìka méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Báyìí ni àwọn tó ń díje ní Òlíńpíìkì ṣe ń dì í mú. Ó ń dunni ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó máa ń mọ́ni lára. Èkejì, kí àtẹ́lẹwọ́ kan kọjú síwájú, kí èkejì kọjú sí yín. Irin kì í yí lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́, kí ara má baà lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má sì tẹ ìgbọ̀nwọ́ ọwọ́ tó kọjú síwájú, iṣan apá lè já. Ẹ̀kẹta ni okùn ọwọ́. Àwọn kan ní ojo ló ń lò ó. Eddie Hall, ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbé kílò 500 ní 2016, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ sáà má jẹ́ kí okùn gba iṣẹ́ ọwọ́ ṣe láti ìgbé àkọ́kọ́.

Òógùn àti òrí ni ọ̀tá ìdìmú. Ẹni tó fi òrí pa ara láàárọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan irin. Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn eléré ìdárayá kì í ṣe páúdà ọmọdé, magnesium carbonate ni. Páúdà ọmọdé ń jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀ sí i ni. Bí ẹ kò bá rí èyí tó tọ́ rà, aṣọ ìnura gbígbẹ sàn jù ú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí ọwọ́ yín le láìná owó, ẹ wo kẹ́ẹ̀gì tó wà nílé. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tí omi kún jẹ́ kílò 50, gẹ́gẹ́ bí àpò símẹ́ńtì kan. Ẹ gbé ọ̀kan sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ máa rìn. Ẹni tí kò bá lè gbé ẹ̀kún, kó fi ìlàjì bẹ̀rẹ̀.

*Ìdánwò búlọ́ọ̀kù*

Èyí gan-an ni ohun tó ń dùn mí jù, torí pé kò náni ní kọ́bọ̀. Táyà irin tó péye níbi ìdíje fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45. Nítorí náà, irin á ga tó sẹ̀ǹtímítà 22 àti ààbọ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án. Ìyẹn jẹ́ ínṣì mẹ́sàn-án, gíga búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án tí a fi ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n ike ọ̀dà oníkọ́ńkéré kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irin á wà nísàlẹ̀ patapata, ẹni tó fẹ́ gbé e á sì ní láti ká ẹ̀yìn kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n gbé. Ilẹ̀ ló jìnnà.

Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kan ti irin yín. Bí irin bá wà nísàlẹ̀ orí búlọ́ọ̀kù, ẹ wá pákó tó nípọn tàbí táyà mọ́tò àlòkù sábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí tí yóò fi bá a dọ́gba. Kò sí ọlọ́jíìmù kankan ní Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù tó lè sọ pé òun kò rí búlọ́ọ̀kù kan.

*Gbígbé fúnra rẹ̀*

Kí irin wà lókè agbedeméjì ẹsẹ̀. Ẹ ti ìbàdí sẹ́yìn, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ̀yìn wà ní gbọọrọ. Ẹ fa èémí sínú ikùn, ẹ mú ikùn le bí ìgbà tí ẹnìkan fẹ́ gbá yín níbẹ̀. Ẹ fún abíyá mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ fa irin díẹ̀ kí ọwọ́ le tán, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Ìbàdí àti èjìká gbọ́dọ̀ jọ dìde. Kí irin máa fara kan ojúgun àti itan lọ sókè. Bí ẹ bá dé òkè, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ má tẹ̀ sẹ́yìn bí aláboyún.

Ìgbé tó bá ti ká ẹ̀yìn ni ìgbé ìkẹyìn ọjọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó, kí ẹ sì máa fi kílò méjì àti ààbọ̀ tàbí márùn-ún lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

*Àgbo àti oògùn ìrora*

Ní ilẹ̀ wa, bí ẹ̀yìn bá ti dunni, jẹ̀díjẹ̀dí ni a máa ń fura sí. Ọmọ á mu àgbo, èyí tó fi ọtí sí nígbà mìíràn, á gbé oògùn ìrora mì, á tún padà sídìí irin. Diclofenac àti ibuprofen tí a ń lò ní ìlò àpà lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Tramadol burú ju ìyẹn lọ, torí pé ó ń di bárakú. Oògùn tó pa ìrora kò tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, ó kàn pa ẹnu ẹni tó ń kìlọ̀ fún yín mọ́ ni.

Ẹ̀yìn tó kàn ro díẹ̀, ẹ dín ẹrù kù, ẹ má dùbúlẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ máa rìn. Bí ó bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ lọ rí dókítà tàbí àwọn oníṣẹ́ físíò. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń kú, bí ojú ara àti ìdí kò bá mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí ìtọ̀ kò bá ṣeé tọ̀ tàbí tí kò ṣeé dá dúró, ẹ má dúró dòwúrọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni, bí èyí tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ní Òṣogbo. Wákàtí díẹ̀ lè sọ ọmọ di arọ.

*Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ọmọ fi irin sílẹ̀*

Mo mọ ohun tí àwọn òbí kan yóò sọ: “Ṣebí kó kúrò nídìí irin ni.” Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dùn ní 2020. Púpọ̀ nínú wọn kò gbé irin rí. Nígbà tí àjọ náà gbé ìmọ̀ràn jáde ní 2023 lórí ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́ lára, eré ìdárayá wà nínú ohun tí wọ́n ní kí a fi tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kí a má fi irú oògùn tí tramadol wà nínú rẹ̀ ṣe é.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, bíríkìlà tó bá fi jíìmù sílẹ̀, símẹ́ńtì kílò 50 ṣì ń dúró dè é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àpò kòkó kò mọ̀ pé ó ti fẹ̀yìn tì. Ibi tí yóò ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹrù láìba ara jẹ́ ni ẹ fẹ́ lé e kúrò yẹn. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ dáadáa, kó sì kọ́ ẹlòmíràn níbi iṣẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ọlọ́jíìmù, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù síbẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wọn páìpù yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ béèrè ohun tí ọmọ gbé kí ẹ tó se àgbo fún un. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbé irin àti ẹni tó ń ru ẹrù.

Ẹ̀yìn wa kò ní kan o. Àṣẹ.