Igi Lórí Ilẹ̀ Àyálò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbin igi sí ẹ̀bá ọ̀nà tí ìjọba ti fi pamọ́ fún ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ iwájú. Igi gbígbìn dára, kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a gbin igi sí ní ẹni tí a ti ṣèlérí rẹ̀ fún. Bí a bá gbàgbé ìlérí náà nígbà tí igi ṣì kéré, ìjà ni yóò rán ni létí nígbà tí ó bá di ńlá.

Ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbóná. Ní ọdún 1999, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Georgia Tech, Ryan Gravel, kọ ìwé fún oyè másítà rẹ̀. Ó dábàá pé kí wọ́n so àwọn ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí ó yí àárín ìlú ká pọ̀, kí ọkọ̀ ojú irin ìgboro lè máa gba ibẹ̀ kó èrò. Ọ̀nà náà, tí wọ́n ń pè ní BeltLine, yóò gùn tó máìlì 22, yóò sì kan àdúgbò 45. Ìlú tẹ́wọ́ gba ètò náà ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ dé, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti oníkẹ̀kẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n ṣí apá ìlà-oòrùn rẹ̀ ní ọdún 2012, wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ojú irin tí ń bọ̀.

Ẹgbẹ́ Trees Atlanta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ni ó ń bójú tó àwọn igi ọ̀nà náà. Wọ́n hú ìtàkùn kudzu àti àwọn igi àjèjì tí ń fún igi ìbílẹ̀ pa. Wọ́n gbin igi àti koríko ìbílẹ̀ dípò wọn, títí ọ̀nà náà fi di ọgbà igi tí àwọn ará ìlú ń rìn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ fún ìyìn.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Ní ọdún 2016, àwọn olùdìbò Atlanta gbà láti san ààbọ̀ sẹ́ǹtì kún owó orí ọjà lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, kí ètò ọkọ̀ èrò lè gbòòrò sí i. Ní ọdún 2025, ìjọba Olórí Ìlú Andre Dickens sọ pé òun kò tún fara mọ́ fífa ojú irin gba apá ìlà-oòrùn BeltLine mọ́. Inú àwọn kan dùn. Wọ́n ní òjìji igi àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti tó, ẹ má jẹ́ kí irin ba ohun tó dára jẹ́. Àwọn mìíràn bèèrè pé: ẹni tí kò ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì jìnnà, ṣé òjìji ni yóò gbé e dé ẹnu iṣẹ́?

Ó yẹ kí àwọn tí wọ́n mọ àṣà ilẹ̀ Yorùbá dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn baba ńlá ti ṣe ìdájọ́ rẹ̀ tipẹ́. Àlejò tí a bá yá nílẹ̀ láti dáko lè gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ bí ó ti wù ú. Kò gbọdọ̀ gbin obì, kòkó tàbí ọ̀pẹ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Kì í ṣe pé onílẹ̀ kórìíra igi. Ó mọ̀ pé igi tí ń pẹ́ lórí ilẹ̀ a máa jẹ́rìí nígbà ẹjọ́, ọmọ àlejò yóò sì nawọ́ sí i lọ́jọ́ kan pé, "Baba wa ni ó gbìn ín." Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbin pèrègún sí ààlà, kí ojú lè rí ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan parí sí. Nítorí náà ni àlejò tí ó gba àṣẹ gbin kòkó fi ń mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ ju owó tàbí iṣu lọ, ìrántí ni. Ó ń sọ lójú gbogbo ayé pé igi jẹ́ ti ẹni tí ó gbìn ín, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí kò sí nínú ètò àwọn ìlú òde òní ni ìrántí yìí, ohun tí àìsí rẹ̀ sì ń fà hàn kedere ní ìpínlẹ̀ Maryland, lẹ́bàá Washington. Ní ọdún 1983, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fàyè gbà á pé kí wọ́n sọ ọ̀nà rélùwéè tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì pa ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí ọkọ̀ ojú irin bá tún fẹ́ padà. Ìjọba ìbílẹ̀ Montgomery ra irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1988. Láàrin Bethesda àti Silver Spring, igi bo ọ̀nà náà mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn náà sì dàgbà lábẹ́ òjìji rẹ̀. Nígbà tí ètò ọkọ̀ ojú irin Purple Line dé, àwọn ènìyàn fárí gá, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Adájọ́ kan wọ́gi lé àṣẹ iṣẹ́ náà ní ọdún 2016. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a padà ní ọdún 2017. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n ti ọ̀nà pa, wọ́n sì gé àwọn igi. Ìjọba kò jalè, àwọn ará àdúgbò kò sì purọ́. Ogún ọdún ń bọ̀ wá kù ọ̀la. Ọ̀la náà dé, kò sì bá ìlérí àtijọ́ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn kan ní kí ilẹ̀ náà wà lófìfo títí ọkọ̀ yóò fi dé. Ìmọ̀ràn yìí kò dára. Ilẹ̀ tí a kò gbin nǹkan sí, èpò ni yóò gbà á, àgbàrá yóò wọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, oòrùn yóò sì máa pa ẹni tí ń rìn níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní igi ti gba ilẹ̀, kí ọkọ̀ wábi gbà. Ìyẹn ni ẹjọ́ àlejò tí ó fi obì gba oko olóko. Igi àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn: ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé àti ní Freiburg ní ilẹ̀ Jámánì, ọkọ̀ ojú irin ìgboro ń kọjá lórí koríko tútù, igi sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí á gbin ohun ọ̀gbìn gẹ́gẹ́ bí ìwà ilẹ̀. Ààlà ni ipò igi ńlá bí igi oak, tí ó lè lo ju ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lọ, níbi tí gbòǹgbò kò ti ní wú ojú irin, tí ẹ̀ka kò sì ní kan wáyà iná ọkọ̀. Koríko, òdòdó àti igbó kúkurú ni ó yẹ àyè tí a fi pamọ́. Bí a bá gbin igi síbẹ̀ rárá, kí ó jẹ́ kékeré tí a lè hú lọ síbòmíràn, kí a sì ti pèsè ibòmíràn náà sílẹ̀. Kí pátákó wà níbẹ̀ tí yóò sọ ohun tí ilẹ̀ wà fún. Kí ìjọba sì máa pe ará ìlú jọ lọ́dọọdún, kí ó sọ ibi tí ètò ọkọ̀ dé, nítorí pé onílẹ̀ tí kò yọjú fún ọgbọ̀n ọdún kò yẹ kí ó yà á lẹ́nu bí àlejò bá ti pe oko ní tirẹ̀. Bí igi kan bá sì ní láti lọ, kí a gbin òmíràn dípò rẹ̀ kí àáké tó dé ìdí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí ilé. Láti ọdún 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Olùkọ́ tí ó bá kó ọmọ jáde lọ gbin igi sí ẹ̀bá títì lọ́jọ́ náà, kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè pé: ilẹ̀ ta ni èyí, kí ni a sì fi í pamọ́ fún? Ọmọ tí ó bá mọ ìdáhùn yóò gbin igi tí àáké kò ní bá wí.