Ohun Tí Ìjọba Bá Gbà Pamọ́, Kí Ó Dá A Padà Bó Ṣe Gbà Á

Ẹni tó bá kọjá níwájú àgọ́ ọlọ́pàá ńlá ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó yóò rí ọkọ̀ tó ti di àgékù síbẹ̀. Dánfó lèyí, Camry lọ̀hún, kẹ̀kẹ́ Márúwá tò tì wọ́n. Táyà ti jó wálẹ̀ títí tí ríìmù fi wọlẹ̀, koríko ti gba abẹ́ ọkọ̀ yọ, gíláàsì iwájú ti fọ́, òjò sì ń rọ̀ sórí ìjókòó awakọ̀. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní bá bátìrì níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn débẹ̀. Ohun tí ìwé pẹlẹbẹ yìí ń bèèrè ni pé kí ìjọba tó fi agbára òfin gba dúkìá lọ́wọ́ ọmọ ìlú máa jíhìn bó ṣe tọ́jú rẹ̀, kí ó sì san owó ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yálà ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á tàbí kò lẹ́tọ̀ọ́.

Láàárín àwa aráàlú, ọ̀rọ̀ yìí kò ní àríyànjiyàn nínú. Bí alágbàfọ̀ bá jó aṣọ oníbàárà, òun ni yóò san án. Bẹ́ẹ̀, oníbàárà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé aṣọ lọ bá a. Bó bá wù ú, ì bá gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ọlọ́pàá tàbí aṣọ́bodè gba ọkọ̀ rẹ̀ kò rí ibi yàn. Kò yan ọgbà tí wọ́n gbé e sí, kò yan ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ, kò sì lè wọlé lọ fi tapólì bò ó nígbà tí òjò bá ṣú. Ó yẹ kí ẹrù ìtọ́jú tó wà lọ́rùn ìjọba wúwo ju ti alágbàfọ̀ lọ. Òdìkejì rẹ̀ là ń rí.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àyè tí ìjọba ń rí láti má san yìí ti wá. Láyé àtijọ́, òfin wọn kò gbà pé ọba lè ṣẹ ènìyàn, nítorí náà a kì í pe ìjọba ọba lẹ́jọ́ nítorí ìbàjẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bí òfin wọn ṣe rí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni wọ́n ṣe gbé e fún wa. Àwọn fúnra wọn sọ ẹrù yìí kalẹ̀ ní 1947, wọ́n gbà pé a lè pe ìjọba lẹ́jọ́ bí a ṣe ń pe ẹnikẹ́ni. Àwa ṣì ń rù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìdílé Ransome-Kuti ló mọ bó ṣe wúwo tó. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ológun ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ní Èkó. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, gba ojú fèrèsé, ilé náà sì jóná. Ẹjọ́ tí ìdílé náà pe ìjọba àpapọ̀ rìn títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, ó sì forí ṣánpọ́n níbẹ̀ ní 1985. Adájọ́ Kayode Eso kò fi bó ṣe dun òun tó pamọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé náà jóná, òfin àtijọ́ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 ló gbá a dànù, ó ti pẹ́ jù fún wọn.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ohun tí òfin ìpìlẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba, àwọn òfin mìíràn ń dá a padà fún un díẹ̀díẹ̀. Òfin ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ ìjọba fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní oṣù mẹ́ta péré láti pẹjọ́. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún méjì nínú ọgbà, ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀? Lóòótọ́ ni òfin náà fàyè sílẹ̀ fún ìbàjẹ́ tó ń bá a lọ, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ti túmọ̀ rẹ̀ pé ìṣe tó fa ìbàjẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa lọ, àpá tó fi sílẹ̀ kò kàn án. Ẹni tó bá sì jàre, abala 84 òfin Sheriffs and Civil Process ń dúró dè é: kí ó gba ìyọ̀ǹda agbẹjọ́rò àgbà ìjọba kí ó tó lè rí owó gbà nínú èyí tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí ó bá jà ní kóòtù ló tún ń lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀! Ní 2017, nínú ẹjọ́ báǹkì àpapọ̀ (CBN) àti iléeṣẹ́ Interstella, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìyọ̀ǹda náà kò pọn dandan níbi tí agbẹjọ́rò àgbà fúnra rẹ̀ bá ti lọ́wọ́ nínú gbèsè náà. Ó dára, kò tíì tó.

Àwọn amòfin kan á ní kí ẹni tó ni dúkìá gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, nítorí ìlànà ọdún 2009 fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ka oṣù mẹ́ta náà sí. Ọ̀nà yẹn wúlò fún ẹni tí wọ́n já dúkìá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láìnídìí. Ṣùgbọ́n abala 44 òfin ìpìlẹ̀ kan náà tó dáàbò bo dúkìá wa yọ̀ǹda kí ìjọba gbà á fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìwádìí. Kò sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí lọ́jọ́ tí ìgbà díẹ̀ náà bá pé. Bí ọlọ́pàá bá ti fi hàn pé ìwádìí ni òun ń ṣe, ojú gbogbo ènìyàn á kúrò lára bátìrì, gíláàsì àti ẹ́ńjìnnì tó ti dípẹtà. Ibẹ̀ gan-an ni àléébù òfin wa wà.

Àléébù yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1946 kí aráàlú lè pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ yọ ẹrù tí aṣọ́bodè tàbí agbófinró bá dá dúró sílẹ̀. Ológun kan kó nǹkan ọnà àtijọ́ bọ̀ láti Guam wá sí Philadelphia, aṣọ́bodè sì gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ pé fàyàwọ́ ni. Kóòtù dá a láre, ẹrù padà dé ọwọ́ rẹ̀, àwọn kan nínú rẹ̀ ti bàjẹ́, ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jùlọ sì sọ ní 1984 pé kò lè gba kọ́bọ̀. Ní 2008 ó kan ẹlẹ́wọ̀n kan tí wọ́n gbé láti Atlanta lọ sí Kentucky, tí kò bá Kùránì rẹ̀ méjì àti ẹní ìkírun rẹ̀ nínú àpò rẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tó sọnù kò ju dọ́là 177 lọ. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ni wọ́n fi lé e lọ. Ṣùgbọ́n ní 2000, àwọn aṣòfin wọn ti dín àyè náà kù: ẹni tí ìjọba gba dúkìá rẹ̀ láti fi gbẹ́sẹ̀ lé e, tí kóòtù kò sì dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tó fà á, lè pẹjọ́ bí ó bá bàjẹ́. Ìjọba wọn kò tìtorí ìyẹn dáwọ́ dúkìá gbígbà dúró.

Ìbéèrè tó le jù ni ti owó. Wọ́n ní owó orí gbogbo wa ni a ó fi san án, àwa tí a kò yọ bátìrì ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àdánù náà kì í pòórá bí ìjọba bá kọ̀ láti san án. Awakọ̀ kan ṣoṣo ni yóò dá a rù, ẹni tó ṣeé ṣe kí ó máa fi ọkọ̀ náà san owó ilé-ìwé. Bí ìwádìí bá jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo ìlú ń jẹ àǹfààní rẹ̀, gbogbo ìlú ni kó san owó tó ń náni. Ìjọba tó bá mọ̀ pé òun yóò san án yóò tètè parí ìwádìí, yóò ya fọ́tò ohun tó bá fẹ́ lò ní kóòtù, yóò sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ sílé. Àwọn tó ní ẹ̀rù yóò ba ọlọ́pàá láti gba ohunkóhun kò wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ìtọ́jú ni a ń bèèrè, ìjọba la sì fẹ́ pè lẹ́jọ́, kì í ṣe kọ́ńsítébù tó dúró lójú títì. Ní ti àwọn tó lè purọ́ pé ọkọ̀ tó ti kú tẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́, fọ́ọ̀mù kan ló máa yanjú rẹ̀.

Nítorí náà, kí òfin pàṣẹ pé lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gba dúkìá, kí wọ́n kọ ipò tó wà sílẹ̀ níwájú ẹni tó ni ín, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà kan. Bó bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, kí ìjọba fi hàn pé kì í ṣe àìbìkítà òun ló fà á. Bí kò bá sí fọ́ọ̀mù, kí kóòtù gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín gbọ́ àfi bí ìjọba bá já a nírọ́. Kí abala 84 má kan irú ẹjọ́ yìí. Ti ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ní Àbújá, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá kò nílò láti dúró dè wọ́n kí wọ́n tó ṣe èyí fún ọgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà tiwọn ń ti ọkọ̀ mọ́. Kí oṣù mẹ́ta náà di ọdún kan, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹni tó ni dúkìá bá gbà á padà, tó sì lè fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀.