Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Má Dá Owó Kọ̀ǹtírólà Tuntun

Ẹ̀yin akẹẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwa tí a ń gbé Sábó, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́: "Kọ̀ǹtírólà yìí ti gbó, ẹ jẹ́ ká dá owó ra tuntun." Kọ̀ǹtírólà tí à ń wí ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ṣàkóso iná, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ìnfátà àti bátìrì sólà nínú ilé mélòó kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ́ǹtì. Raspberry Pi 3 ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí wọ́n fi Home Assistant sí. Raspberry Pi 5 ni wọ́n wá fẹ́ ká rà báyìí.

A ò fara mọ́ ọn. A ò kórìíra ohun tuntun o. Ṣùgbọ́n owó ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fẹ́ ná, àìsàn tó sì ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í ṣe àìsàn ọjọ́ orí.

Ẹ bi àwọn tó ń pariwo tuntun pé kí ló ṣe èyí tó wà ńlẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn máa sọ: iná lọ lójijì, nígbà tó dé, kọ̀ǹtírólà ò tàn mọ́, ẹnì kan sì ní láti jókòó tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fetí sí èsì yẹn dáadáa. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rọ náà lọ́ra. Kò sẹ́ni tó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Iná ló lọ lójijì, mẹ́mórì káàdì ló sì bàjẹ́.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le yé ni. Home Assistant a máa kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀: bí bátìrì ṣe kù sí, ìgbà tí iná dé, ìgbà tí táńkì kún. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú àáyá 5-5 ló ń kó àkọsílẹ̀ yẹn sórí káàdì, ọjọ́ 10 ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Káàdì tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lọ́sàn-án àti lóru báyìí á tètè gbó. Bí iná bá tún já mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń kọ̀wé, ohun tó ń kọ á dàrú. Ẹ gbé Pi 5 dé ibẹ̀ pẹ̀lú irú káàdì kan náà, nínú ilé kan náà, lábẹ́ iná kan náà: ohun tó pa ẹ̀gbọ́n á pa àbúrò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí Pi 5 jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, 60 dọ́là ni wọ́n pe èyí tó ní 4GB. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì, 60 dọ́là kò sì tó ₦30,000. Lọ́dún 2024, dọ́là kan kọjá ₦1,500. 60 dọ́là kan náà di ₦90,000 ó lé, láìtíì ka owó ọkọ̀ àti èrè ẹni tó ń tà á. Ṣáájà tún ńkọ́? Ti Pi 3, 2.5A ni, Pi 5 ń fẹ́ 5A, 27W. Ẹ ò ní lè lo ti àtijọ́. Ẹ tún máa ra fáànù rẹ̀, nítorí ó máa ń gbóná.

Ká ní ₦120,000 ni gbogbo rẹ̀ já sí, tí ẹni mẹ́wàá sì wà nínú ilé. ₦12,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ọmọ ọdún kìíní tí kò tíì san owó ìwé rẹ̀ tán máa san án. Ẹni tó wà ní ọdún àṣekágbá máa san án, kó tó oṣù mélòó kan ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ta ló wá ń jẹ àǹfààní rẹ̀? Bí ẹnì kan bá nílò Pi 5 fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀, kó sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, a ó bá a wá owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Kó má fi orúkọ ilé bo ara.

Wọ́n á ní: "Ohun tó bá ti gbó kì í rí àtúnṣe gbà mọ́." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2025, àwọn tó ń ṣe Home Assistant jáwọ́ nínú ètò 32-bit. Àmọ́ Pi 3 tó jáde lọ́dún 2016 lè lo 64-bit. Bó bá jẹ́ ètò 32-bit lẹ fi sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ fi èyí tó jẹ́ 64-bit sí i. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, kò gba owó ẹnikẹ́ni.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù wà lára ògiri ilé: mítà tí a ń ra káàdì sí. Nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ sí mítà yẹn ní ibi kan nínú tó ń ka ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kíkà náà kò gbà ju 16,777,216 lọ, ó sì pé ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Mítà tí wọn kò bá tún ṣe kò ní gba káàdì tuntun mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ìdí gidi nìyẹn, ó ní ọjọ́, ó ní ìṣirò. Síbẹ̀, kí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe? Wọ́n tẹ nọ́ńbà 20 lẹ́ẹ̀mejì, mítà tó wà lára ògiri sì ń bá iṣẹ́ lọ. Èyí tí kò lè gba àtúnṣe yẹn nìkan ló yẹ ní pípààrọ̀. Bí ọ̀rọ̀ mítà bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kọ̀ǹtírólà kò fi lè rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ má sì rò pé ohun tuntun ni kì í kú. Revolv jẹ́ kọ̀ǹtírólà ilé tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí 300 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Nest, tí Google ti rà, ra ilé iṣẹ́ náà lọ́dún 2014. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2016, wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, kò gbó. Wọ́n kàn ti ibi tó ń gba àṣẹ láti òkè òkun pa ni. Pi 3 wa tó wà ní Sábó, data lè tán nínú fóònù gbogbo wa, á ṣì pa ẹ̀rọ omi bí táńkì bá kún.

A kì í ṣe olórí kunkun. Bí ẹ bá fẹ́ kí kámẹ́rà mọ èèyàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́, tàbí kí ẹ̀rọ gbọ́ ohùn yín láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, 1GB Pi 3 kò ní gbé e. Ẹ ra tuntun nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá owó, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Iṣẹ́ wo ni èyí tó wà ńlẹ̀ ò lè ṣe? Ǹjẹ́ ẹ ti wo iye àyè tó kù nínú rẹ̀ fúnra yín? Ṣé tuntun náà á yè bí iná bá lọ lójijì?

Bí ẹ kò bá rí èsì, ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ ra UPS kékeré, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ráútà. Ẹ fi SSD kékeré rọ́pò káàdì. Ẹ dín ohun tí Home Assistant ń kọ sílẹ̀ kù. Kò sẹ́ni tó nílò ìròyìn bátìrì lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá di ọjọ́ tí ẹ ra tuntun ní tòótọ́, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ṣì máa wúlò fún un.

Láti inú èdè Hausa ni Sábó ti wá: "sabon gari", ìlú tuntun. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti lọ, orúkọ náà kò yí padà, kò sì sẹ́ni tó ń wó o lọ́dọọdún kó lè máa jẹ́ tuntun. Òrùlé tó bá ń jò ni wọ́n ń tún ṣe. Bí wọ́n bá pe ìpàdé ilé lórí owó yìí, ẹ dìde, kí ẹ sọ pé ẹ ò san. Kí ẹ wá béèrè owó UPS.