Ẹ Yé Fi Ipá Yan Iṣẹ́ fún Ọmọ

Ẹ̀yin òbí wa ní Sabon Gari Kánò, ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn mọ́ yín. Ọmọ tó ti ń tú rédíò, tó sì ń tò ó padà láti kékeré, ẹ ní dandan ni kó di lọ́yà, torí pé ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ló bi í léèrè ohun tó wù ú?

JAMB kì í ṣe ìdánwò ẹ̀bùn. Láti 1978 tí ìjọba ti dá a sílẹ̀, ohun tí ọmọ kọ́ nílé ìwé ló ń wò. Ìdánwò tí mo ń wí yàtọ̀. Ọ̀kan ń wo ohun tí ọpọlọ ọmọ tètè ń gbà: ìṣirò, ọ̀rọ̀, tàbí bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Èkejì ń wo irú iṣẹ́ tó wù ú. Ẹ má sì pè é ní nǹkan òyìnbó o! Ọ̀jọ̀gbọ́n C.G.M. Bakare ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe irú èkejì yìí fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 1977.

Kì í ṣe Ifá. Kò ní sọ kádàrá. Bí ebi bá ń pa ọmọ, tàbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, èsì rẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Olùdámọ̀ràn tó mọṣẹ́ ló yẹ kó ṣe é, kó sì bá tòbí tọmọ jókòó.

SS1 ni wọ́n ti ń pín ọmọ sí sáyẹ́ǹsì tàbí áàtì, nítorí náà JSS3 ni kí a ti ṣe é. Owó aṣọ ẹgbẹ́ ọdún kan ṣoṣo tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jó, kó wọ ti èṣí.