Ọ̀rọ̀ Faransé Kan fún Ilé Wa

Àwọn apẹja Ìlàjẹ a máa bá ẹja lọ títí dé etí òkun ilẹ̀ Benin, níbi tí Faransé gbé jẹ́ èdè ìjọba. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ gbólóhùn yìí: *il n'y a qu'à*. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni, “Kò ju kí a ṣe báyìí lọ.” Bí ìjì bá ń jà, a lè wí pé, *Il n'y a qu'à attendre*: kò ju kí a dúró lọ. Lẹ́nu ẹni tí ń yára sọ̀rọ̀, ó di *yaka*.

Ṣùgbọ́n àwọn Faransé tìkara wọn a máa fi *yaka* ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tí ohun gbogbo rọrùn lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì fọwọ́ kan iṣẹ́. Ìmọ̀ràn rírọrùn kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Wíwẹ̀ ní Jọ́dánì ni Náámánì fi rí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn ìránṣẹ́ tí ó gbà á níyànjú fi ìrẹ̀lẹ̀ pè é ní bàbá.

Ní Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ. Àlejò a wí pé, “Kò ju kí ẹ kó kúrò lọ.” Síbo? Ta ni yóò fún wọn ní ilẹ̀? Níbo ni ọkọ̀ wọn yóò máa gúnlẹ̀ sí? Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní ọ̀rọ̀ náà. Ẹ sì kọ́ wọn láti kọ́kọ́ bèèrè, kí wọ́n tó sọ ọ́ fún ẹni tí ìpọ́njú bá.