Bí Orúkọ Dúpẹ́ Ṣe Di Orúkọ Ẹ̀sín

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti gbé sílẹ̀ pátápátá fún àwọn oníkọ̀ǹpútà bí ẹni pé kò kàn wá, bẹ́ẹ̀ ni àwa gan-an ni ó kàn jù lọ. N ó kọ́kọ́ sọ ibi tí ó ti bá mi, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àròsọ ni mò ń ṣe.

Anoumabo ni, ní Marcory, nínú ìlú Abidjan: abúlé àwọn ará Ébrié tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àjọ̀dún orin FEMUA tí ẹgbẹ́ akọrin Magic System dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2008. Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ẹ̀jìgbò, ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ayé àwọn bàbá wọn. Ìyá kan nínú wọn ní kí n bá òun fi orúkọ ọmọ òun sílẹ̀ ní ilé-ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dúpẹ́ ni ọmọ náà ń jẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ó ti tọ́. Fọ́ọ̀mù náà kọ̀ ọ́, ó ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà. Mo yọ àmì abẹ́ kúrò, mo fi àmì ohùn sílẹ̀, ó gbà á wọ̀ọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àròyé, ṣùgbọ́n ìyá náà dá mi lẹ́kun. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, Tíṣà. Ilé-ìwé ni mò ń wá, n kò wá ìjà."

Àwọn tí ó gbọ́ Faransé láàrin yín ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní èdè náà, *dupe* ni ẹni tí a tàn jẹ. *Dupé* ni ẹni tí a ti rẹ́ jẹ tán. Orúkọ tí òbí fi yin Ẹlẹ́dàá di ohun tí gbogbo kíláàsì yóò máa fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ta ni ó jẹ̀bi? N kò lè dá ilé-ìwé náà lẹ́bi. Ẹni tí ń kọ́ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní kì í ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà kì í ti í fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ gbogbo búlọ́ọ̀kù tí ó fi ń kọ́lé. Láti ìgbà tí Facebook ti gbé React síta ní 2013, tí Vue sì tẹ̀ lé e ní 2014, ẹ̀yà ẹ̀yà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tò ó pọ̀: àpótí tí a ń kọ orúkọ sí jẹ́ ẹ̀yà kan, bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ jẹ́ òmíràn. Àwọn irinṣẹ́ kéékèèké sì wà lẹ́yìn wọn, tí ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, tí ń tò ó, tí ń wá a. Ẹnì kan á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, á gbé e sí gbangba lọ́fẹ̀ẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á sì mú un lò láìtú u wò.

Ẹ rántí oṣù kẹta ọdún 2016. Irinṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ left-pad, ìlà 11 péré, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó fi àlàfo kún iwájú ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tí ó ṣe é bínú, ó mú un kúrò nínú àká npm, iṣẹ́ àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń lò ó sì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri ayé. Bí àìsí irinṣẹ́ tí ń ka àlàfo bá lè ṣe èyí, kí ni a ó sọ nípa irinṣẹ́ tí ń pinnu ohun tí í ṣe lẹ́tà?

Nínú irú fọ́ọ̀mù yìí, ìlà kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ṣọ́nà: gba A dé Z, kí o sì gba À dé ÿ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo lẹ́tà Faransé ni ó wà láàrin ààlà yẹn, é àti ú náà wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ wà lẹ́yìn odi. Ẹni tí ó kọ ìlà náà kò kórìíra wa, kò rántí pé a wà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbàgbé síta àti ẹni tí a tì síta, òjò kan náà ní ń pa wọ́n. Àwọn mìíràn ti mú un gbòòrò, wọ́n ní kí a gba gbogbo lẹ́tà ayé. Síbẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà, àmì ohùn tí ó wà lórí ẹ kì í ṣe lẹ́tà, àmì lásán ni. Irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ yóò gba ẹ, yóò sì kọ ẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni a sì lè gbà tẹ ẹ́ yìí: kí a fi àmì ohùn lé ẹ, kí a fi àmì abẹ́ sí é, tàbí kí a to àwọn méjèèjì mọ́ e. Ojú ènìyàn rí ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà rí mẹ́ta. Bí irinṣẹ́ ìwákiri kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan, ọmọ tí a kọ lónìí yóò di àwátì lọ́la.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú pa àmì tì. Kí wọ́n lọ sọ ọ́ fún ìyá Dúpẹ́. Àwọn mìíràn, tí mo bọ̀wọ̀ fún, ní kí Yorùbá ṣe ẹ̀yà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ilé-ìwé tí mo sọ kò ní lọ wá ẹ̀yà Yorùbá; èyí tí gbogbo ayé ń lò ni yóò mú, níbẹ̀ gan-an ni kí a sì ti tún un ṣe. Ìmọ̀ tí a ó fi tún un ṣe kò sì jìnnà: JavaScript ti ní ọ̀nà àtisọ ẹ́ mẹ́ta di ọ̀kan láti 2015, àkójọ CLDR ti ẹgbẹ́ Unicode sì mọ̀ pé ẹ ni ó tẹ̀ lé e, pé gb jẹ́ lẹ́tà kan. Ó tilẹ̀ ya Yorùbá ilẹ̀ Benin sọ́tọ̀, níbi tí a ti ń fi ɛ àti ɔ kọ ọ́, kí a má baà ṣí ilẹ̀kùn fún ara wa kí a sì tì í mọ́ ará Kétu. Kí ẹni tí ń ṣe ẹ̀yà bèèrè ni ó kù, kò sì ní bèèrè bí kò bá sí ẹni tí ó sọ fún un.

Iṣẹ́ wa nìyẹn. Nígbà tí C.M.S. pe ìpàdé àkọtọ́ ní Èkó ní 1875, àwọn tí ó mọ èdè ni wọ́n fẹnu kò. A kò fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé. Gbangba ni a ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà yìí, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè kọ àṣìṣe tí ó rí ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe é. Ẹ ṣí ìwé orúkọ kíláàsì yín, ẹ ṣa àwọn orúkọ ìsọmọlórúkọ tí àmì wọn le jù, láìfi orúkọ ìdílé kún un, ẹ fi wọ́n dán fọ́ọ̀mù ilé-ìwé yín wò. Èyí tí ó bá kọ̀, ẹ bi oníṣẹ́ yín léèrè ibi tí ó ti mú ẹ̀yà náà wá, kí ẹ sì kọ̀wé síbẹ̀.

Èmi ti kọ tèmi. Ní ti ọmọ Anoumabo yẹn, Dúpé ni ó ṣì ń jẹ́ nínú ìwé wọn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀.