Ìbọ̀wọ́ Kì Í Ṣe Àbùkù fún Òkú



Ní Fola Agoro níbí, bí a bá ń múra àtiwẹ òkú, tí a sì na ìbọ̀wọ́ rọ́bà sí ọmọ olóògbé, a sábà máa ń gbọ́ ọ kó sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbá mi ló wá di ẹ̀gbin báyìí?" Ìfẹ́ ló bí ọ̀rọ̀ náà, a kì í bínú sí i. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ta oògùn, tí a tún ń bá wọn wẹ òkú ní mọ́sáláṣí, kò gbà pé ó tọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti kọ́ wa pé kí ẹni tó ń wẹ òkú wé aṣọ mọ́ ọwọ́ kó tó fọ ìhòòhò rẹ̀. Rọ́bà ń ṣe iṣẹ́ aṣọ yẹn, ó sì tún ń dènà omi tí aṣọ kò lè dènà.

Ẹ rántí ọdún 2014 tí Ebola wọ Èkó. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Ní Guinea, Sierra Leone àti Liberia, ọ̀pọ̀ ló kó o níbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú ẹbí wọn. Bí kò bá tilẹ̀ sí Ebola, hepatitis B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọlé bí ẹ̀jẹ̀ bá kàn án.

Ìbọ̀wọ́ tuntun ni fún òkú kọ̀ọ̀kan, a kì í fọ̀ ọ́ pamọ́. Ọ̀rá tí a so mọ́ ọrùn ọwọ́ kò tó. Omi ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ẹ má fi òróró pa ọwọ́ ṣáájú, torí ó máa ń jẹ rọ́bà. Bí ẹ bá ń bọ́ ọ, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa. Ẹ má fi í gbé fóònù. Ẹ sì bọ́ ọ kí ẹ tó ṣe àlùwàlá, omi gbọ́dọ̀ kan awọ ọwọ́.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí, láti Fola Agoro dé Bàríga: ẹ fi páálí ìbọ̀wọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìsìnkú àti lọ́fínńdà tí ẹ ń rà sílẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú máa wá ṣọ́ọ̀bù oògùn kiri lóru.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a kó àrùn nídìí iṣẹ́ láádá. Àmín.